Fẹlá Ṣówándé: Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin lẹ́nu Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Kétu tàbí ní Ìbàdàn, yóò ti gbọ́ dò, re, mí. Olùkọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, yóò ní kí a fi dò, re, mí pè é kí a tó fi àmì ohùn sí i: bàtà, dò dò, ìlú, dò mí, ọmọ, re re. Èmi tí ó jẹ́ pé èdè Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, ọ̀rọ̀ yìí dà mí láàmú púpọ̀. Ní kíláàsì orin, wọ́n ti kọ́ wa ní do, ré, mi ti àwọn Faransé, ojú kan ṣoṣo sì ni do wà lọ́dọ̀ wọn: ohùn pàtó kan ni lára dùùrù, kì í kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ Yorùbá ní kí n pe dò, ohùn ti kíláàsì orin yẹn ni mo ń wá lọ́fun ara mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dò méjì ni. Èyí tí a ń lò fún ohùn Yorùbá bá ìlànà tonic sol-fa mu, èyí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn ajíyìnrere sì gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìlànà yẹn, dò ń ṣí kiri. Ibi tí orin bá fìdí lé ni dò wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ìsàlẹ̀ wa rí. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún lè ga ju ohùn òkè bàbá àgbà rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú wọn gbọ́, nítorí pé ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì ni etí ń wọ̀n.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí dàgbà sáàárín àwọn tí dò wọn ń ṣí. Fẹlá Ṣówándé ni, ọmọ Ẹ̀gbá, olùṣẹ̀dá orin, atẹdùùrù, àti olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ orin mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwa onímọ̀ èdè kì í sábà dárúkọ rẹ̀, pàápàá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Berlioz àti Debussy ni wọ́n kọ́ wa. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Kétu, yóò dé Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, kí ó tó dé Cotonou, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wa nípa orin àwọn ará ibẹ̀ kì í kọjá ẹnu ibodè. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀ràn kan ṣoṣo ni Ṣówándé ń bá yí, nínú orin àti nínú iṣẹ́ rédíò, ọ̀ràn èdè sì ni: kí ni a ó ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ohùn àjèjì wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá?

1. Ọmọ akọrin ní Èkó

Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1905 ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó fẹ́ràn orin. Èkó ni Fẹlá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ní CMS Grammar School àti ní King's College, ibẹ̀ náà ni ó sì ti di ọmọ akọrin ní Kàtídírà Christ Church, lábẹ́ ọ̀gá kan tí a kò lè fò dá, Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips. Láti 1914 títí di 1962 ni Phillips fi jẹ́ atẹdùùrù àti olórí akọrin Kàtídírà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ó ti gbọ́ orin Bach. Nígbà yẹn kan náà, ó ń lu orin jáàsì ní ìlú Èkó. Kò rí i pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́.

2. Níbi tí orin ìsìn ti ń sọ ọ̀run di ọrùn

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Kàtídírà yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ajíyìnrere àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n ka iye sílébù kí ó lè bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Sílébù pé. Ohùn ọ̀rọ̀ ni wọn kò kà.

Àpẹẹrẹ kan tó. Ọ̀run jẹ́ dò re: ó ń gòkè. Ọrùn jẹ́ re dò: ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohùn orin ìsìn ilẹ̀ Yúróòpù ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí ìlà láti lọ sinmi lórí dò, ìparí ìlà sì ni àwọn atúmọ̀ fẹ́ràn láti fi ọ̀run sí. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ orin náà tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ pé gbogbo onígbàgbọ́ ń lọ sí ọrùn. Kí ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà: nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá àgbà mi ń mú mi lọ sí ìjọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ọrùn ni mo gbọ́ fún ọdún bíi mẹ́ta. Mo bi í léèrè lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan pé ọrùn ta ni. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí orin ń wí, orin kò lè ṣì í lọ́nà.” Ìdáhùn onímọ̀ èdè ni ó fún mi yẹn láìmọ̀. Àyíká ọ̀rọ̀ àti ìrántí a máa gba ọ̀rọ̀ là nígbà tí ohùn bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà là.

Ìṣòro náà jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ká ní ẹnì kan ṣe ohùn orin tuntun tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní mu rẹ́gí. Ẹsẹ kejì ń kọ́? Ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ohùn mìíràn ni, ohùn orin kan náà sì ni wọn yóò fi kọ ọ́. Orin ìbílẹ̀ wa kì í kó sí pańpẹ́ yìí lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé lílé àti ègbè ni: ẹni tí ń lé orin a máa tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí, àwọn tí ń gbè é a sì máa di ọ̀rọ̀ kan náà mú pẹ̀lú ohùn kan náà. (Èyí kò wí pé orin ìbílẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Akọrin ní àǹfààní tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti gbìyànjú láti fi àmì ohùn sí orin tí a gbà sórí ẹ̀rọ yóò gbà pẹ̀lú mi.)

Lẹ́yìn èyí ni ti ohùn mẹ́rin. Nínú orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin méjì àti ọkùnrin méjì ni a lè fi ṣe àpèjúwe: ohùn orin mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan. Òfin ìṣọ̀kan ohùn tí Bach ń tẹ̀lé fẹ́ kí ohùn kan máa sọ̀ nígbà tí òmíràn ń gòkè. Bí ohùn òkè bá pe ọ̀run bí ó ti yẹ, tí ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá sì gba ọ̀nà òdìkejì, ọrùn ni ẹni yẹn pè. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mú òfin méjèèjì ṣẹ nínú gbogbo ìlà.

Phillips lo ayé rẹ̀ lórí ìṣòro yìí. Ó ṣe àwọn orin ìsìn tí ó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ní 1953 ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí orin Yorùbá, tí àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ àti orin. Ìwé náà yẹ kí ó wà lórí àtẹ ẹ̀ka ìmọ̀ èdè gbogbo.

Ṣówándé gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ orin olóhùn fún akọrin, òótọ́ ni, ó sì ṣe àtúntò àwọn orin ìsìn àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tí ó fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀ ni èyí tí ó kọ fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì: Kà Múra, Ọbáńgíjì, Jésù Olùgbàlà, Yorùbá Lament àti àwọn mìíràn. Nínú ìwọ̀nyí, ó mú ohùn orin tí ó jẹ́ ti àwọn Yorùbá, ó yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbé e fún dùùrù. Lójú tèmi, ọ̀nà àbáyọ ni èyí. Ohùn orin tí ó bí láti inú ọ̀rọ̀ wà ní odidi, ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ náà yóò máa gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀. Àwọn ohùn yòókù, ti ọwọ́ òsì àti ti àtẹ̀sẹ̀, lè lọ sí ibi tí ó bá wù wọ́n, nítorí pé wọn kò ru ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n lè bàjẹ́. Àwọn kan ti sọ pé fífi dùùrù àwọn òyìnbó lu orin Yorùbá jẹ́ fífi ara ẹni fún àjèjì. Ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn náà láti inú ohùn èdè yóò rí i pé ìdàkejì lè jẹ́ òótọ́: lórí dùùrù tí kò lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju bí ó ti ní lẹ́nu akọrin olóhùn mẹ́rin lọ.

3. London

Ní àárín àwọn ọdún 1930 ni ó lọ sí London. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti afárá kíkọ́ ni ó bá lọ. Orin ni ó ń bọ́ ọ: ó lu dùùrù nínú ẹgbẹ́ jáàsì, ó tẹ̀lé akọrin Adelaide Hall, ní 1936 ó lu ipa dùùrù nínú Rhapsody in Blue ti Gershwin. Nígbà tí ó yá, ìmọ̀ ẹ̀rọ di ohun ìgbàgbé. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists pẹ̀lú àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn tí ó bá ta yọ. Ó tún jẹ́ atẹdùùrù ní Kingsway Hall fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì West London Mission.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di ènìyàn rédíò. Ó di olùdarí orin fún Colonial Film Unit, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti bá àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣe ètò lórí BBC nípa orin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ibi tí orin náà lè dé. Ètò bẹ́ẹ̀ ń béèrè orin ìbílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ láti ọ̀nà jíjìn. Inú ìgbà yìí ni African Suite ti jáde, ní 1944, fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù. Apá márùn-ún ni ó ní, ó sì lo ohùn orin Ephraim Amu, olùṣẹ̀dá orin láti ilẹ̀ Gánà, nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí èyí: Amu náà jẹ́ ẹni tí ohùn èdè rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn orin ìsìn àtúmọ̀. Apá karùn-ún ni wọ́n ń pè ní Akinlá. Àwa yóò padà sórí rẹ̀.

4. Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ìjọba amúnisìn ti fa wáyà rédíò sí ilé àwọn ènìyàn ní Èkó láti 1935. Àpótí kan ni, ó so mọ́ ògiri, ohun tí BBC bá sọ ni ó ń tún sọ. Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún un ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ tú u wò: a- + sọ ọ̀rọ̀ + má + gba èsì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ mọfọ́lọ́jì, gbólóhùn odidi ni ó di ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀, pẹ̀lú ìpàjẹ méjì. Fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ronú nípa agbára, ìwádìí kúkúrú lórí ìjọba amúnisìn ni: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ èsì.

Ní 1951 ni wọ́n dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀, tí ó di NBC ní 1957. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Ṣówándé padà wálé láti di olórí ẹ̀ka orin àti ìwádìí orin níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ìwádìí” yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ jáde kúrò ní sítúdíò, ó lọ bá àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀. Nínú ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ó wá láti inú ìwádìí yìí, àwọn babaláwo àti àwọn àwòrò fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ìtàn àti ìgbàgbọ́ Yorùbá. Ẹ rántí ìgbà tí a ń sọ. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kún ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni òun fúnra rẹ̀, ó sì ń gbé gbohùngbohùn sí ẹnu babaláwo. Ní sáà yìí, asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì.

Ilé-iṣẹ́ náà ní ìlù kan tí ń kéde rẹ̀ láàárín ètò. Wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù ń sọ. Onímọ̀ èdè yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Dùndún a máa sọ ohùn, kò lè sọ kọ́ńsónáǹtì. Bí ó bá sọ re mí, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ orí, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ ojú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìlù fi máa ń gùn, tí ó sì máa ń dì mọ́ oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn irú èyí, kò sì sí oríkì kankan nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Etí Yorùbá kò lè gbà kí ìlù máa dún lásán, nítorí náà àwọn olùgbọ́ fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Àwọn kan gbọ́ ọ pé ó ń béèrè ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Àwọn mìíràn gbọ́ onígbèsè tí ó sá pamọ́ sínú yàrá, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó wá sìn ín pé kí ó yà sí ilé kejì. Bàbá àgbà mi ní Kétu, tí ó ń gbọ́ rédíò láti òdìkejì ibodè nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ti onígbèsè ni ó gbà. Ó ní bí ọba Ìbàdàn bá wàjà, kò kan Alákétu.

Mo ka èyí sí àdánwò fonọ́lọ́jì tí ó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe ní èdè wa, láìsí onímọ̀ èdè kankan níbẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo lọ sí etí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójoojúmọ́, wọ́n sì dá ọ̀rọ̀ padà fún un ní èdè tiwọn. Ohun kan náà ni dùùrù Ṣówándé ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì: orin tí kò lẹ́nu, etí tí kò lè ṣaláì gbọ́ ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí rédíò náà kò jẹ́ kí ó dá dúró lórí orin. Ó kọ̀wé lórí Ifá. Òun àti Olóyè Fágbèmí Àjànàkú, Àràbà Èkó, jọ ṣe ìwé Orúkọ Àmútọ̀runwá, tí ó jáde ní Ìbàdàn ní 1969, lórí àwọn orúkọ tí ọmọ ń mú bọ̀ láti ọ̀run bíi Táíwò, Ìgè, Dàda àti Òjó. Ẹ̀ka wa ń lo àwọn orúkọ yìí ní gbogbo ìgbà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, a kì í sì rántí pé olùṣẹ̀dá orin ni ó bá Àràbà jókòó lórí wọn. Ohun tí ó wú mi lórí ni bí wọ́n ṣe to orúkọ méjèèjì: kò lo Àràbà bí ẹni tí a kàn bi léèrè ọ̀rọ̀, ó pè é ní ẹni tí ó bá a kọ ìwé. Kì í ṣe gbogbo àwa tí a ń lọ gba ohùn àwọn àgbà ní Ṣábẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. N kò yọ ara mi sílẹ̀.

5. Ibùsọ̀ tí ó kẹ́yìn

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1957 ó lọ fi dùùrù ṣeré ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960 ó kọ Folk Symphony, tí ó lo orin ìbílẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹkùn ilẹ̀ náà. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, àwọn olùṣẹ̀dá orin tí ó tẹ̀lé e, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò yìí kan náà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1968 ó sọdá sí Howard University ní Washington, lẹ́yìn náà ó lọ sí Pittsburgh àti Kent State ní Ohio. Nínú àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀, ó ń ta ko àwọn tí ó fẹ́ kí olùṣẹ̀dá orin Áfíríkà sé ara rẹ̀ mọ́ inú ọgbà; ó ní kí àṣà máa gba lọ́wọ́ àṣà, kí òun náà sì máa fún un. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1987, ní Ravenna ní Ohio.

Mo ní a ó padà sórí Akinlá. Láti 1956, ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Kánádà, CBC, ní ètò kan tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clyde Gilmour fi ń gbé àwo orin sáfẹ́fẹ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀ àti ti àwọn olùgbọ́. Akinlá ni ó fi ń ṣí ètò náà, òun ni ó sì fi ń pa á dé. Ó ṣe é títí di 1997, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú Ṣówándé. Nínú òjò dídì Toronto, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ìdílé tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ń fi ahọ́n gbe ohùn orin náà bí rédíò bá ti tàn.